Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Ní ìparí táàmù kejì lọ́dún tó kọjá, àwa ọmọ SS2 tò sí ẹnu ọ̀nà káfè kan nítòsí Gowon Estate láti tẹ èsì ìdánwò wa jáde. Ilé-ìwé wa kì í fún wa ní káàdì mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń wo èsì. Ìyá tó ni káfè náà tẹ orúkọ ilé-ìwé wa sínú kọ̀ǹpútà, ó dúró, ó tún un tẹ̀, ó wá yíjú sí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, wọ́n ti ti ojúewé yín pa o. Ẹ padà lọ bi àwọn tíṣà yín."

A lọ bi wọ́n. Ohun tí a gbọ́ ni pé bọ̀dá tó ṣe sọ́fítíwíà náà ti lọ sí Kánádà. Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi gba àyè tí èsì wa wà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì ni àwọn tó ni àyè náà ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún kí ojúewé náà lè máa ṣí pé, kò rántí san án, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé ti san gbogbo owó iṣẹ́ fún un láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni a fi dúró.

Èsì ìdánwò lásán ni o, kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí i kà pé ìjọba wa fẹ́ tún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun tàbí ti àwọn ọlọ́pàá ṣe, pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe kan, ìbéèrè kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe yìí bá gbowó tán, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà? N kò tíì rí ìròyìn kan tó dáhùn rẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kò gùn. Ìjọba wa ń fi ohun tó yẹ kí ará ìlú mọ̀ pamọ́: orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó, ohun tó ní òun máa ṣe àti ọjọ́ tó dá. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi pamọ́ gan-an, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun, wọ́n ń fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tajà fún wọn. Ó dà bí ẹni tó fi rìsíìtì ilẹ̀kùn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tó wá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káfíńtà.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mò ń pè ní kọ́kọ́rọ́. Láyé àtijọ́, wọkí-tọkí ṣọ́jà kò ju àpótí tó ń gbé ohùn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rẹ̀, tó sì yí i sí ibi tó yẹ, á gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ti òde òní ti yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Sọ́fítíwíà inú rẹ̀ ló ń lọ ohùn ọ̀gágun kúnná bí ẹni lọ ata, débi pé ẹni tó bá jí i gbọ́ kò ní mọ orí mọ ìdí rẹ̀. Ata tó bá ti kúnná kì í padà di odidi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá lọ lè padà di odidi lọ́dọ̀ ẹni tó bá ní nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Sọ́fítíwíà kan náà ló ń fi ibi tí àwọn ọmọ ogun wà hàn lórí àwòrán ilẹ̀, òun ló sì ń gbé ohun tí dróònù rí lọ sí iwájú ọ̀gá tó máa pàṣẹ. Àwọn ọ̀tá náà ń kẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe lóòrèkóòrè. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fẹ́ tún un ṣe, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ inú yàrá. Ìdí nìyí tí wíwá agbaṣẹ́ṣe fún irú iṣẹ́ yìí kò fi dà bíi wíwá ẹni tó máa ṣe títì. Ẹni tó bá ṣe títì Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù á ṣe é tán, á kó katakata rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣe sọ́fítíwíà ń padà wá.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá, kó bi àwọn àgbà àdúgbò wa nípa ọjọ́ 27, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2002. Ọjọ́ Àìkú ni. Iná ràn mọ́ ilé tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì ń bú gbàù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò mọ àgbàlagbà kan ní apá ibí yìí tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn kan rò pé àwọn ṣọ́jà fẹ́ gbàjọba. Àwọn kan rò pé ogun ti dé. Kò sí ẹni tó tètè sọ fún wọn pé ibi báyìí ló ń jó, ẹ má gba ibí, ọ̀hún ni kí ẹ gbà. Àwọn èèyàn ń sá nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ sì já sínú omi kánáàlì Òkè-Àfà, ní ọ̀nà tí àwa tí a bá ti Ìkọ̀tún lọ sí Ìsọlọ̀ ń gbà kọjá títí dòní. Àwọn tó kú lé ní 1,000, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò rí bọ́ǹbù sójú. Omi ló gbé wọn. N kò sọ pé sọ́fítíwíà ló fa iná náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde láti bárékè dé etí ará ìlú kò jáde lákòókò, àìgbọ́ ọ̀rọ̀ náà sì pa èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Rann ní ìpínlẹ̀ Borno, ní ọjọ́ 17, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2017. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross wà lára àwọn tó kú; oúnjẹ ni wọ́n gbé wá fún àwọn tí ebi ń pa. Nígbà tí àwọn ológun ṣe ìwádìí tán, wọ́n ní wọn kò fi àmì tó yẹ sí ibẹ̀ pé àgọ́ ni. Ẹ rò ó wò ná. Àgọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ mọ̀, kò hàn bí àgọ́ níwájú ẹni tó máa ju bọ́ǹbù. Ní ọjọ́ 3, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2023, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Tudun Biri, ní Kaduna, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń ṣe Máólúdì. Dróònù àwọn ológun pa èèyàn tó tó 85, ó kéré tán, àwọn ológun sì gbà pé àṣìṣe ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń fa irú àṣìṣe báyìí. Èèyàn ló ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dé iwájú ẹni náà ló máa fi pàṣẹ, sọ́fítíwíà ló sì ń gbé e dé iwájú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a ó retí pé ìjọba yóò fi ọwọ́ tó mọ́ jùlọ wá ẹni tó máa ṣe irú iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ti ṣe.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ kì í ṣe ti àwọn ọmọ ogun gan-an. Ti àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò yòókù ni. Ní ọdún 2010, nígbà ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan, wọ́n gbé iṣẹ́ ètò ìbánisọ̀rọ̀ fún ààbò ìlú fún iléeṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà. Iye rẹ̀ jẹ́ 470 mílíọ̀nù dọ́là. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, ẹ̀yáwó ni láti báńkì Exim ti Ṣáínà. Iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò, ó ní kámẹ́rà 1,000 fún Àbújá àti 1,000 fún Èkó. Wọ́n ri àwọn òpó mọ́lẹ̀, wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ríran. Àwọn aṣòfin ṣe ìwádìí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, Zainab Ahmed, sọ fún àwọn aṣòfin pé a ṣì ń san gbèsè náà, ṣùgbọ́n pé òun kò ní ìròyìn lórí ibi tí iṣẹ́ náà dé dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Gbèsè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi.

Ní oṣù Igbe ọdún 2013, iléeṣẹ́ Elbit Systems ti Ísírẹ́lì kéde fún àwọn tó ní ìpín ìdókòwò lọ́dọ̀ rẹ̀ pé òun ti gba iṣẹ́ 40 mílíọ̀nù dọ́là láti ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà, láti fi sọ́fítíwíà ṣọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ìwé ìròyìn Premium Times ló tú u fó pé Nàìjíríà ni. Ẹ wo irú àṣírí tí wọ́n ń pa mọ́ fún wa. Ẹni tó ra ìpín ní ilẹ̀ òkèèrè ti gbọ́ iye owó náà, àwa tí a fẹ́ san án kò tíì gbọ́ pé a rajà.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe wà nínú òfin fúnra rẹ̀. Òfin ọdún 2007 tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń ra ọjà, tó sì ń gbé iṣẹ́ jáde, sọ pé kí wọ́n polówó iṣẹ́ ní gbangba, kí agbaṣẹ́ṣe tó bá lè ṣe é mú iye tirẹ̀ wá, kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí wọ́n tó yan ẹnì kan. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n abala kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ yọ ọjà àti iṣẹ́ àkànṣe tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀, àyàfi bí Ààrẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé bí Ààrẹ kò bá sọ nǹkan kan, òfin kò kàn wọ́n. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo ẹrù sá sí. Ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari gbé kalẹ̀ láti yẹ owó ohun ìjà wò sọ pé àwọn rí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, n kò sì ní jókòó sí Ẹ̀gbẹ́dá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo kàn ń béèrè pé: ìgbà wo ni àwọn ọ̀tá gbọ́ nípa àwọn ìbọn tí kò dé yẹn? Wọn kò nílò láti gbọ́. Wọ́n ti rí i lójú ogun.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà máa sọ, nítorí pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí a ń jiyàn lórí rẹ̀ nílé. Ó ní, "Ọmọ, ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà Ìkọ̀tún. Bí o bá ń ka ohun tí ṣọ́jà rà fún gbogbo ayé gbọ́, ọ̀tá náà ń gbọ́." Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e sínú ìwé ìròyìn pé ibi báyìí ni a gbé ẹ̀rọ sí tàbí pé báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ ọ̀rọ̀ kúnná. Ṣùgbọ́n ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti kọ́ gbogbo ètò ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ ogun wọn tí wọ́n ń pè ní Bowman, ó sì ná wọn ju bílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn lọ. Ní ọdún 2006, nígbà tí àwọn ṣọ́jà wọn wà ní Ìráàkì àti Afghanistan, tí ìbọn ń ró, ọ́fíìsì àyẹ̀wò owó ìjọba wọn gbé ìròyìn jáde lórí iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á: ibi tó ti pẹ́, ibi tó ti wúwo jù lẹ́yìn ọmọ ogun, ohun tí kò tíì ṣiṣẹ́. Àwọn ṣọ́jà wọn tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sàn kí àwọn mú àwòrán ilẹ̀ àti fóònù Nokia dání. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2023, wọ́n tún kéde pé àwọn ti fòpin sí àdéhùn kan pẹ̀lú General Dynamics lórí èyí tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Morpheus. Iṣẹ́ bàjẹ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tó bàjẹ́, wọ́n mọ iye tó bá a lọ, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò bi. Àwa ń san gbèsè kámẹ́rà, mínísítà kò mọ ibi tó wà.

Nígbà tí a bá ti ń fi rìsíìtì pamọ́ báyìí, kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí kọ́kọ́rọ́?

Iléeṣẹ́ kan wà ní Switzerland tí wọ́n ń pè ní Crypto AG. Ẹ̀rọ tó ń lọ ọ̀rọ̀ kúnná ló ń tà fún àwọn ìjọba. Gbogbo ayé fọkàn tán an nítorí pé Switzerland kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 120 ló ra ọjà rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2020, ìwé ìròyìn Washington Post àti tẹlifíṣàn ZDF ti Jámánì tú àṣírí rẹ̀: láti ọdún 1970, àwọn amí Amẹ́ríkà, CIA, àti àwọn amí Jámánì ló ni iléeṣẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ti yọ́ wọ inú ẹ̀rọ náà débi pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ìjọba tó rà á rò pé ó pamọ́, àwọn amí yìí ń kà á. Nígbà tí Argentina ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní ọdún 1982 lórí erékùṣù Falkland, ẹ̀rọ yìí ni Argentina ń lò, Amẹ́ríkà sì ń gbé ohun tó kà fún Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó rà á ní Áfíríkà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ Nàìjíríà wà níbẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wò ó. Àwọn ọ̀gá wa á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọn á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó gidi rà, wọn kò ní sọ fún ará ìlú pé àwọn rà á, àlejò á sì ti ka ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó jalè wọ ilé wọn. Ẹni tó ta ilẹ̀kùn fún wọn ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà. Ní ọdún 2018 ìwé ìròyìn Le Monde ti ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ pé ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Addis Ababa, èyí tí Ṣáínà kọ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Shanghai lóru, fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ṣáínà sẹ́. Mo gbà pé wọ́n sẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022, tí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ ń lo Starlink, Elon Musk fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n ní kí òun ṣí i dé apá Crimea, òun kò sì ṣí i. Oníṣòwò kan ló sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun orílẹ̀-èdè mìíràn lè dé. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nínú kíláàsì Yorùbá ni wọ́n ti kọ́ wa ní àrokò. Ẹni tí wọ́n rán lè gbé owó ẹyọ mẹ́fà láti ìlú kan dé òmíràn, ó lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú ọ̀nà. Àlejò tó bá dá a lọ́nà á rí owó ẹyọ mẹ́fà. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ni yóò mọ̀ pé ẹfà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ta owó ẹyọ. N kò tíì kà á níbì kankan pé ọba kan ní kí àlejò wá bá òun di àrokò ogun.

N kò tìtorí ìyẹn sọ pé kí a má ra nǹkan lọ́wọ́ òyìnbó. Nígbà ogun Kírìjì, àwọn Èkìtìparapọ̀ ra ìbọn òyìnbó tó dára ju ti àwọn Ìbàdàn lọ. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó ló bá wọn wá a. Àwọn ọmọ wọn tó ti mọ̀ ọ́n lò náà ló sì kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Kò sí òyìnbó tó lè jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó pa ìbọn náà láàárín ogun.

Ohun kejì tí wọ́n máa ń sọ ni pé a kò ní ẹni tó lè ṣe é. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ìyá mi ń tajà. Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́ sí i láti báńkì mìíràn, kó tó ká náílọ́ọ̀nù tán, fóònù rẹ̀ ti dún. Iléeṣẹ́ Nàìjíríà, NIBSS, ló ti ń darí ètò yẹn láti ọdún 2011. Ní ọdún 2020, iléeṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní Èkó níbí, ní iye tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀rọ̀ owó náà ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bí kóòdù tí àwọn ọmọ wa kọ bá ń jò ni, ìyá mi ìbá ti pariwo ole. Lóòótọ́, sọ́fítíwíà ojú ogun le ju ti báńkì lọ, a kò sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ rédíò ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́la. Ṣùgbọ́n láti mọ ohun tó wà nínú kóòdù tí ẹlòmíràn kọ, kí a sì yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, ìyẹn kò kọjá agbára wa. NDA wà ní Kaduna, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti àwọn ológun òfuurufú wà ní Kaduna kan náà, yunifásítì àwọn ológun wà ní Biu. Kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ tí a bá ní a kò ní ẹnì kan? Ààrẹ Buhari tilẹ̀ ti fọwọ́ sí àṣẹ kan ní oṣù Èrèlé 2018 pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fi ọmọ Nàìjíríà ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìwé ni àṣẹ yẹn, ó wà nílẹ̀.

Síbẹ̀ n kò ní purọ́ fún yín. Jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà nìkan kò tó. Bọ̀dá tí èsì ìdánwò wa há sọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ àdúgbò ni. Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Ìdímù. Kò kórìíra wa. Ó kàn lọ sí Kánádà ni, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí ọmọ Ṣáínà bá kọ sọ́fítíwíà, tó sì kó gbogbo kóòdù rẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun wa lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ ogun wa sì yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn sàn fún mi ju kí ọmọ Yorùbá kọ ọ́ kó sì sùn lé e lórí.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó wà nínú gbogbo àdéhùn irú èyí ni pé kí agbaṣẹ́ṣe kó odidi kóòdù náà fún ẹ̀ka àwọn ọmọ ogun tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan. Kí àwọn ọmọ ogun fúnra wọn máa ṣe kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Kí agbaṣẹ́ṣe má lè ti ọ́fíìsì rẹ̀ wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gágun kan ṣílẹ̀kùn fún un, kó sì jókòó tì í títí tó fi parí. Kí wọ́n má san owó tán kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Borno tàbí Zamfara lọ dán an wò nínú eruku àti ooru, nítorí pé ohun tó ṣiṣẹ́ nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Àbújá lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti iye owó sì wà ní gbangba. Èyí tó bá jẹ́ àṣírí ní tòótọ́, kí àwọn aṣòfin díẹ̀ pẹ̀lú ayẹ̀wéowó-wò tó ti búra kà á nínú yàrá tí a tì. Abala kẹẹ̀ẹ́dógún òfin yẹn, kí wọ́n yí i po: kí òfin kan gbogbo ọjà ààbò, kí Ààrẹ má sì lè yọ èyíkéyìí sílẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn gbọ́ ìdí rẹ̀.

Wọ́n á ní ó máa pọ́n owó iṣẹ́ náà lé. Òótọ́ ni. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ kó kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ máa béèrè owó ju ẹni tó fẹ́ máa gbé e kiri nínú àpò. Ilé-ìwé wa náà sanwó kún un nígbà tí wọ́n pe ẹlòmíràn wá tún ojúewé wa ṣe, tí wọ́n sì ní kó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé sílẹ̀, kan sínú àpótí irin ọ̀gá ilé-ìwé, kan lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ òbí. Owó yẹn dun àwọn òbí wa. Kò tó ohun tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà ná àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní SS3, tí wọ́n fẹ́ fi èsì wọn wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Lọ́dọọdún ni mínísítà ètò ààbò ń lọ sí iwájú àwọn aṣòfin láti ṣàlàyé owó tó fẹ́ ná. Alímọ̀ṣọ́ ní aṣojú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé ètò ìnáwó wá, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀, kó dìde lórúkọ àwa tí a ń gbé láàárín Ìkẹjà àti Òkè-Àfà, kó bi mínísítà pé èyí tí wọ́n rà kẹ́yìn, níbo ni kóòdù rẹ̀ wà lónìí, ta ló sì lè ṣí i?